Bí Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Bá Lábùkù, Ta Ni Yóò Forí Fá A? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ewé yìí wà fún àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń tún un ṣe, àwọn tó ń to ó jọ, àti ẹnikẹ́ni tó ti ra láptọ́ọ̀pù tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ láìrídìí. Ọ̀rọ̀ bátìrì Sony ti ọdún 2006 ni mo fi ṣe òpó rẹ̀, torí òun ló fi hàn wá kedere jù lọ bí ohun kékeré láti ọ̀dọ̀ olùpèsè kan ṣe lè kó àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá sí wàhálà.

Ṣé kì í ṣe iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni?

Rárá o. Bí ẹ bá tú láptọ́ọ̀pù Dell tàbí HP, ọpọlọ rẹ̀ lè jẹ́ ti Intel tàbí AMD, mẹ́mórì rẹ̀ lè ti ọ̀dọ̀ Samsung tàbí Micron wá, háàdì dísíìkì lè jẹ́ ti Seagate, sẹ́ẹ̀lì bátìrì lè jẹ́ ti LG, ti Panasonic, tàbí ti Sony nígbà tó ṣì ń ṣe bátìrì. Ẹni tó to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tún lè jẹ́ iléeṣẹ́ Taiwan bíi Quanta tàbí Compal. Iléeṣẹ́ tó ni orúkọ ló yan àwọn ẹ̀yà, òun ló ṣètò bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn ṣiṣẹ́, òun ló tà á, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó ṣe bátìrì. Iléeṣẹ́ tó tà á fún un ni òun mọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2006?

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, láptọ́ọ̀pù Dell kan gbiná níbi ìpàdé kan ní ìlú Osaka, ní Japan. Àwọn tó wà níbẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, Dell àti CPSC, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, kéde pé kí àwọn èèyàn dá bátìrì mílíọ̀nù 4.1 padà. Sony ló ṣe sẹ́ẹ̀lì inú wọn, Dell sì ti ń tà wọ́n láti oṣù Kẹrin ọdún 2004. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí Apple náà fi pe mílíọ̀nù 1.8 padà. Ní oṣù Kẹsàn-án, ThinkPad kan, ìyẹn láptọ́ọ̀pù IBM tó ti di ti Lenovo, gbiná ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles, kò sì pẹ́ tí Lenovo àti IBM fi pe bátìrì 526,000 padà. Toshiba àti Fujitsu náà tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di òpin oṣù Kẹwàá, Sony ti ń sọ pé gbogbo bátìrì náà lè tó mílíọ̀nù 9.6, àti pé yóò ná òun ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 51 yẹ́ẹ̀nì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí Dell ṣe ìkéde tirẹ̀, ìròyìn mẹ́fà péré nípa bátìrì tó gbóná kọjá ààlà ló wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó fara pa nínú wọn. Mẹ́fà nínú mílíọ̀nù mẹ́rin! Ẹni tó bá ń ka iye àbùkù nìkan á ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n iná kọ́ ló máa sọ fún yín pé òun ń bọ̀ nínú bàálù tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ń sùn lé. Bí àbùkù bá lè pa èèyàn, a kì í dúró kó pọ̀ ká tó sọ̀rọ̀.

Kí ló wà nínú bátìrì náà gan-an?

Èérún irin ni. Àlàyé Sony ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, irin wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí bọ́ sínú àwọn kan lára wọn. Inú sẹ́ẹ̀lì lithium-ion, irú èyí tó wà nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù, ìpele pọ́sítífù kan wà, ìpele nẹ́gẹ́tífù kan sì wà. Wọ́n ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì là wọ́n láàárín. Bí irin wẹ́wẹ́ bá gún ike yẹn, ìhà méjèèjì á kan ara wọn, iná mànàmáná á gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ á sì gbóná. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ẹ̀lì náà á kàn kú ni, kọ̀ǹpútà á sì pa. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ooru náà á ran omi inú sẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ ohun tó ń gbiná, ọ̀kan á sì ran èkejì.

Sony fi kún un pé bí wọ́n ṣe ṣètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lè mú kí ewu náà pọ̀ sí i tàbí kó dín kù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí bí wọ́n ṣe ń ṣájì bátìrì kò dọ́gba nínú gbogbo kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ètò kankan kò fi irin síbi tí irin kò sí.

Ṣé wọn kì í yẹ ẹ̀yà wò kí wọ́n tó gbà á ni?

Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń mú nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹyọ kan ló bàjẹ́ nínú 10,000, tí ẹ sì mú 500 yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ṣe irú àyẹ̀wò yìí nígbà 100, nǹkan bí ìgbà 95 ni ẹ ò ní rí ẹyọ kan tó bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ á dára lójú yín, ẹ ó sì kó àbùkù wọlé.

Ẹ tún wò ó pé àwọn àbùkù kan wà tí kò tíì sí lọ́jọ́ tí ẹrù dé. Èérún irin lè wà nínú sẹ́ẹ̀lì fún oṣù mélòó kan kó tó gún ike. Òjé tí wọ́n fi so ṣíìpù mọ́lẹ̀ lè gbóná kó sì tutù nígbà àìmọye kó tó sán. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń rán ẹnjiníà rẹ̀ lọ síbi tí olùpèsè ti ń ṣe ẹ̀yà, tó sì ń gbà á ní àdéhùn pé bí olùpèsè bá fẹ́ pààrọ̀ ohunkóhun, ìbáà ṣe òjé, gọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ tàbí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, kó kọ̀wé sọ ọ́ ṣáájú. Lójú tèmi, ìwé yẹn níyì ju àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà lọ.

Bí wọ́n bá rí ẹ̀yà tí kò dáa, kí ni wọ́n ń ṣe sí i?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ọn, kí wọ́n sì tì í mọ́ ibì kan. Ẹ̀yà tó bàjẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí tábìlì á padà sórí iṣẹ́, torí kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí èyí tó dára.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ̀wé sí olùpèsè, olùpèsè á fún wọn ní nọ́ńbà ìdápadà tí gbogbo èèyàn ń pè ní RMA. Ẹ̀yà tó dé láìní nọ́ńbà yìí sábà máa ń sọnù sí yàrá ẹrù. Olùpèsè á dán an wò, á yà á ní ẹ̀rọ X-ray, nígbà mìíràn á gé e sí méjì kó lè fi awò amú-nǹkan-tóbi wo inú rẹ̀. Níkẹyìn, á kọ ìjábọ̀.

Irú ìjábọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni 8D, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford kọ sínú ìwé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1987. Ẹ ó kó àwọn tó máa ṣe é jọ, ẹ ó sọ ohun tó bàjẹ́, ẹ ó dá ìpalára rẹ̀ dúró, ẹ ó wá ìdí rẹ̀, ẹ ó yan àtúnṣe, ẹ ó ṣe é, ẹ ó dí ọ̀nà tó lè gbà padà wá. Ìkẹjọ ni pé kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń fò.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni mo kà sí jù, ìyẹn dídá ìpalára dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí àbùkù kan, irú rẹ̀ ti wà ní ilé ìkẹ́rù olùpèsè, ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó wà lórí iṣẹ́, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì wà lórí itan ẹni tó ti rà á. Bí olùpèsè bá ń wá ìdí àbùkù fún oṣù méjì, tó sì ń kó ẹrù kan náà ránṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn, ìjábọ̀ tó dára jù láyé kò ní gba ẹnikẹ́ni là. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ má sì gba ìjábọ̀ tó bá kọ ọ́ pé "òṣìṣẹ́ ló ṣe àṣìṣe." Ẹ bi wọ́n pé kí ló jẹ́ kí àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan lè kọjá títí ó fi dé ọwọ́ yín.

Bí olùpèsè bá dá a padà pé "a dán an wò, kò sí nǹkan tó ṣe é" ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Nígbà mìíràn olùpèsè tọ̀nà: ẹni tó tú kọ̀ǹpútà ló ro pé mẹ́mórì ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú ihò tí mẹ́mórì ń wọ̀ ló dọ̀tí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yà náà máa ń bàjẹ́ nígbà tó bá gbóná nìkan, olùpèsè sì dán an wò nínú yàrá tútù. Ọ̀nà àbáyọ ni kí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò ṣáájú lórí bí wọ́n ṣe máa dán an wò, bí yóò ṣe gbóná tó, yóò ti pẹ́ tó, kí ẹni tó dá a padà sì kọ ohun tó rí gan-an. "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìjábọ̀.

Kí ni nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn?

Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú èlò kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà, ni wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀tì. Bí olùpèsè bá mọ lọ́ọ̀tì tí àbùkù wà nínú rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà sì mọ kọ̀ǹpútà tí lọ́ọ̀tì náà wọ̀, wọ́n á lè pe àwọn tó kàn nìkan. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa pè padà. Ìdí nìyí tí Dell fi lè sọ fún àwọn oníbàárà lọ́dún 2006 pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn bátìrì wọn, dípò kí gbogbo ẹni tó ní Dell máa sáré.

Bí olùpèsè bá ní ọ̀nà tí wọ́n gbà lo ẹ̀yà òun ló bà á jẹ́ ńkọ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Nvidia. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2008, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun yóò ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ṣíìpù rẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde nínú láptọ́ọ̀pù. Ó gbà pé èlò tí wọ́n fi so ṣíìpù mọ́ ìdí rẹ̀ kò lágbára tó. Ó tún ní bí wọ́n ṣe ṣètò láptọ́ọ̀pù àti bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó wà lára ohun tó fà á. Láptọ́ọ̀pù a máa gbóná, a sì máa tutù lójoojúmọ́, àwọn ẹ̀kán òjé tíntìntín tó wà lábẹ́ ṣíìpù á máa fà, á máa sún kì, títí wọn á fi sán. Ojú kọ̀ǹpútà á kún fún ìlà, tàbí kó ṣókùnkùn pátápátá. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkejà mọ àìsàn yìí: wọ́n á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ṣíìpù náà, á tàn, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á tún kú.

Dell àti HP gbé BIOS tuntun jáde, ìyẹn ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ẹ̀yà rẹ̀, tó ń mú kí fáànù máa ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi kò dùn sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bó bá dá wà, torí ó lè kàn sún ọjọ́ ikú ṣíìpù náà kọjá òpin wáráńtì. Ohun tó mú ti Dell dára díẹ̀ ni pé ó fi oṣù 12 kún wáráńtì àwọn tó kàn.

Ti Apple ló yẹ kí gbogbo iléeṣẹ́ kọ́. Nvidia fi dá Apple lójú pé kọ̀ǹpútà Mac kò sí nínú rẹ̀. Apple kò fi mọ síbẹ̀, ó ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó sì kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008 pé àwọn MacBook Pro kan tó ní ṣíìpù Nvidia tó ń jẹ́ GeForce 8600M GT lè wà lára wọn. Ó ní òun yóò tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọdún méjì sí ọjọ́ tí wọ́n rà á, kódà bí wáráńtì bá ti tán, ó sì tún fa àsìkò náà gùn lẹ́yìn náà. Owó tí ọ̀rọ̀ yìí gbà lọ́wọ́ Nvidia lé ní mílíọ̀nù 470 dọ́là kó tó rọlẹ̀.

Ǹjẹ́ olùpèsè ti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ rí, láìdúró kí ariwo ta?

Bẹ́ẹ̀ ni, Intel ṣe é lọ́dún 2011. Ìgbà àkọ́kọ́ tirẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Lọ́dún 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan, Thomas Nicely, rí i pé Pentium, ṣíìpù Intel tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń ṣi àwọn ìṣirò pípín kan ṣe. Intel ti mọ̀ ṣáájú kí Nicely tó sọ ọ́ síta. Ó ní ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lásán lè lo ọdún 27,000 kó tó bá àṣìṣe náà pàdé lẹ́ẹ̀kan, àti pé ẹni tó bá lè fi hàn pé òun nílò ìpààrọ̀ nìkan ni òun yóò fún. IBM, tó ń ra Pentium lọ́wọ́ Intel, ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 24, ó sì dá títa àwọn kọ̀ǹpútà tó ní ṣíìpù náà dúró ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Intel gbà láti pààrọ̀ fún gbogbo èèyàn. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ló bá a lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2011 wàyí, Intel fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ṣíìpù tuntun òun tí wọ́n ń pè ní Cougar Point ní àbùkù: lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú ihò SATA mẹ́rin nínú mẹ́fà, níbi tí wọ́n ti ń so háàdì dísíìkì mọ́ ọn, lè máa rẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí ọjà náà jáde. Ó dá ẹrù dúró, ó tún ṣíìpù náà ṣe, ó sì sọ pé àtúnṣe àti ìpààrọ̀ yóò ná òun ní mílíọ̀nù 700 dọ́là. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á padà fún àwọn iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé ojú ihò méjì tó dára nìkan ni wọ́n ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, torí àwọn àti Intel ti jókòó sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gidigidi. Ìgbà tí olùpèsè kò fi nǹkan pamọ́ ni ẹni tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ apá tó ṣì wúlò.

Ṣé ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà lè jẹ̀bi?

Ó lè jẹ̀bi dáadáa. Láàárín ọdún 2003 sí 2005, Dell ta àwọn kọ̀ǹpútà OptiPlex kan tí kapásítọ̀ inú wọn, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná mànàmáná, ń wú tó sì ń jò; iléeṣẹ́ Nichicon ló ṣe púpọ̀ nínú àwọn kapásítọ̀ náà. Ẹni tó ṣe kapásítọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Dell sì ya mílíọ̀nù 300 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dún 2005 láti tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ oníbàárà kan pè é lẹ́jọ́ lọ́dún 2007, nígbà tí àwọn ìwé ẹjọ́ náà sì jáde síta lọ́dún 2010, ó hàn pé wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ Dell kan pé kí wọ́n má ṣe fúnra wọn mú ọ̀rọ̀ náà wá sétí oníbàárà. Ẹ̀ka ìṣirò ní Yunifásítì Texas mú ẹjọ́ kọ̀ǹpútà wọn tó ń kú wá, Dell sì dá wọn lóhùn pé ìṣirò líle tí wọ́n fi ń ṣe ló pa á. Ẹ gbọ́ ná: kọ̀ǹpútà ni, ìṣirò ló pa á! Láti ibẹ̀ lọ, àbùkù náà kúrò ní ti kapásítọ̀, ó di ti ẹni tó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn?

Bí àbùkù bá kọjá iye kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí olùpèsè gba gbogbo lọ́ọ̀tì náà padà, kó sì san owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀, kì í ṣe owó ẹ̀yà nìkan. Ẹ̀yà náìrà díẹ̀ lè ba mọ́dàbọ́ọ̀dù olówó gọbọi jẹ́. Kí ó wà níbẹ̀ iye ọjọ́ tí olùpèsè ní láti fèsì, àti pé yóò fi tuntun ránṣẹ́ kí ti àtijọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Kí ó sì wà níbẹ̀ pé bó bá kan ewu, àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin fún wọn ní wákàtí 24 láti jábọ̀ fún CPSC ní gbàrà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọjà lè ṣe èèyàn léṣe.

Èmi tó ra tòkúnbọ̀ ní Computer Village ńkọ́?

Ẹ̀yin lẹ wà ní ìkẹyìn ìlà. Ìkéde a máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà, ní London tàbí New York, ó lè má pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kó tó tà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ǹpútà àti lára bátìrì, kí ẹ sì yẹ̀ wọ́n wò lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ń lò sọ pé ọjà tí wọ́n tà fún yín gbọ́dọ̀ dára, kó sì wà láìléwu, àmọ́ láìsí rìsíìtì, ẹnu lásán ni ẹ ó fi jà.

Bí ẹ bá ń to kọ̀ǹpútà jọ fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tà á fún yín. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé tó fún un.

Bátìrì mi ti wú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tún ṣájì rẹ̀ mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tún un ṣe fi túnàfíìsì tú u. Ẹ gbé e síbi tí nǹkan tó lè gbiná kò sí, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì ní kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba bátìrì àlòkù, ẹ má dà á sí ààtàn.